Ọjọ́ tí Mo Mú Atukọ̀ Odò Lọ sí Òkun

Bí ọ̀dọ́ bá fẹ́ yan iṣẹ́, owó ló kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Mi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọkọ̀ ojú omi tí mo wà láti kékeré bọ́ mi, ó sì raṣọ sọ́rùn àwọn ọmọ mi. Ó tán síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ohun tí iṣẹ́ máa ń ṣe sí ọwọ́ àti ojú ènìyàn bó bá pẹ́ nídìí rẹ̀. Ewé kì í pẹ́ lára ọṣẹ kó má dọṣẹ. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìbafo sì máa ń bi mí jù ni pé, láàrin òkun àti odò, níbo ni ọkọ̀ wíwà ti le jù? Bí wọ́n bá ti béèrè, ọkàn mi á lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan.

Yẹmí lorúkọ mi. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, nílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó, tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá mi tètè kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Yèyé Ìbíwùmí, ló gbà mí tọ́. Yèyé ń wa ọkọ̀ lọ pàdé àwọn apẹja lójú agbami, á gba ẹja lọ́wọ́ wọn, á sì gbé e wá sí èbúté kí oòrùn tó bà á jẹ́. Obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀. Àwọn ọkùnrin gan-an máa ń yà fún un lọ́nà.

Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Yèyé máa fún mi ní àjẹ̀, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń wa ọkọ̀. Kò fún mi. Odidi ìgbà òjò kan ni mo fi ń dúró létí omi láràárọ̀, tí iṣẹ́ mi ò sì ju kí n máa wo ìgbì.

Yèyé á ní, "Kí lo rí?"

"Ìgbì ni, Yèyé."

"Ìgbì wo? Ṣé gbogbo èèyàn ló ń jẹ́ èèyàn? Padà lọ wò ó."

Ó pẹ́ kí ojú mi tó là. Ìgbì òkun kì í dá rìn. Àwọn kéékèèké á kọ́kọ́ wá, àwọn ńlá á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á ya lu etíkun bí ẹni ń wó ilé. Lẹ́yìn náà ni omi á rọ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ṣiṣẹ́ tán tó ń mí. Ìgbà tó bá ń mí yẹn ni kí ọlọ́kọ̀ jáde, ìgbà yẹn náà ni kó wọlé. Ọjọ́ tí mo sọ fún Yèyé pé, "Ó ti fẹ́ sinmi, Yèyé," tí òkun sì sinmi lóòótọ́, ọjọ́ yẹn ló gbé àjẹ̀ fún mi. Kò yìn mí. Ó kàn ní kí n wọlé síwájú ọkọ̀.

Yèyé le. Bí mo bá di àjẹ̀ mú gírígírí, á fi àjẹ̀ tirẹ̀ gbá mi lọ́rùn ọwọ́. "Ṣé ọrùn adìẹ lò ń fún pa yẹn ni? Tú ọwọ́! Ibi tí a ń lọ jìnnà." Bí mo bá bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀, á bú mi. Ó ní ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ lójú òkun, àárẹ̀ ni yóò pa á.

Òótọ́ sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò dé òkun rí, ẹ lè rò pé ìgbì ló burú jù níbẹ̀. Ìgbì burú, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Jíjìnnà ọ̀nà gan-an ló ń pa èèyàn. Lọ́jọ́ kan tí a ń bọ̀ láti agbami, atẹ́gùn yí padà, ó dojú kọ wá. Láàárọ̀ la ti rí igi àgbọn kan létíkun. Títí oòrùn fi ń wọ̀, igi àgbọn yẹn ò tóbi ju bí a ṣe rí i láàárọ̀ lọ. Iyọ̀ ti la àtẹ́lẹwọ́ mi, òǹgbẹ ń gbẹ mí láàrin omi tí mi ò lè mu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Yèyé ò wẹ̀yìn. Ó ní, "Sunkún, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dúró." Bí a ṣe dé ilé nìyẹn, èmi tí mò ń sunkún, tí mo sì ń wa ọkọ̀.

Mo bá Yèyé ṣiṣẹ́ di ìgbà tí mo di ìyàwó ilé. Bíríkìlà kan, ọmọ Ìwó, tó wá kọ́ ilé-ìwé sí ìlú wa, ló fẹ́ mi. Adéníyì lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀, a gbọ́ pé ilé ń hù bí olú láàrin Ìbafo, Mowé àti Àsèsè, nítorí àwọn ará Èkó ń wá ilẹ̀ síbẹ̀. A kó ẹrù wa, a gba yàrá kan ní Ìbafo. Ọkọ mi rí iṣẹ́ lọ́wọ́ kíákíá. Èmi ló kù.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Odò Ògùn ló wà láàrin ìhà tiwa àti ìhà Ìfọ̀? Ẹni tó bá fẹ́ gba ojú títì lọ sí Ìfọ̀ láti Ìbafo, àfi kó lọ yí Èkó po, kó gba Ọ̀tà, kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá gba orí odò, kò ní í pẹ́ tó fi máa gúnlẹ̀ sí òdìkejì. Àwọn àgbẹ̀ tó ní oko lápá méjèèjì, àwọn tó ń gbé ẹ̀gẹ́, àwọn tó fi ọmọ fọ́kọ lódìkejì, gbogbo wọn ló ń wọ ọkọ̀. Ọkùnrin tó ń tu wọ́n ni Bàbá Làmídì.

Ọmọ bíbí etí odò ni Bàbá, Ẹ̀gbá ni wọ́n, mùsùlùmí òdodo. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn ò sì ga, apá wọn le bí gbòǹgbò. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ti ń tukọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó dáyé. Mo lọ kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní mo fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́.

"Ìyàwó, ṣé o ti wa ọkọ̀ rí?"

"Bàbá, ọmọ òkun ni mí."

Mo sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, áńbèlètasé odò tí mo lè sọ òkúta kọjá. Bàbá wò mí títí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n mú ọkọ̀ kékeré, kí n wà á dé Ehín Odò kí n padà.

Ehín Odò jẹ́ ibì kan tí odò ti há lókè èbúté wa. Omi tó ti ń rọra bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn á sá pọ̀ sójú kan, á máa sáré láàrin àwọn òkúta tó yọ síta bí ehín. Nígbà òjò, omi ibẹ̀ á funfun, á máa hó. Òjò ọdún yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wakọ̀ lọ bí Yèyé ṣe kọ́ mi, àjẹ̀ gígùn, ọwọ́ pẹ̀lẹ́, mo kọjú ọkọ̀ sí omi. Mò ń retí kí omi sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún mi. Kò sọ. Kí n tó mọ̀, ìṣàn omi ti gbá iwájú ọkọ̀ sápá kan, òkúta gbà á níkùn, ọkọ̀ sì dojú dé. Ẹ̀ka igi kan tó tẹ̀ sórí omi ló kọ́ ìró mi. Ibẹ̀ ni mo rọ̀ sí, tí omi ń fi mí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí aṣọ tí wọ́n sá, títí Bàbá fi wá tú mi sílẹ̀.

Wọn ò bú mi. Nígbà tí a dé bèbè, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Ìyàwó, mo gbọ́ pé òkun máa ń rán oníṣẹ́ síni kó tó dé. Odò ò rán ẹnikẹ́ni."

Bí mo ṣe tún iṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Èmi tí mo ti di ìyá ọmọ, mo padà di ọmọṣẹ́. Bàbá ò fi àjẹ̀ gbá mi lọ́wọ́ bíi ti Yèyé, ṣùgbọ́n líle tiwọn pọ̀ ju ti Yèyé lọ, nítorí pé wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á ní, "Òsì!" Bí mi ò bá tíì yà sósì kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n á gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó di ọjọ́ kejì. Wọ́n kọ́ mi pé kí n má bá omi odò jà, kí n má sì dúró dè é. Bí ihò bá yọ láàrin òkúta méjì, kọjá lójú ẹsẹ̀, torí pé bí o bá mí lẹ́ẹ̀kan, ihò náà ti dí. Wọ́n fi omi tó ń yípo lẹ́yìn òkúta ńlá hàn mí, níbi tí ìṣàn ò ti lágbára. Wọ́n pè é ní "àga". Láti àga dé àga ni atukọ̀ odò ń lọ, bí ẹni tó ń sá òjò láti abẹ́ òrùlé kan bọ́ sí òmíràn. Èyí tó ga jù nínú ẹ̀kọ́ wọn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, bèbè ni kí o wá. "Bèbè kì í jìnnà, ìyàwó. Ọlọ́run ò fi bèbè jìnnà sí ẹni tó wà lódò."

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé èwo ló le jù, èmi ò lè fi ọ̀kan sórí èkejì. Òkun ń fẹ́ sùúrù. Ó lè fi odidi ọjọ́ wo ọkàn rẹ bóyá ó máa rẹ̀ ọ́. Odò ò ráyè ọkàn rẹ, ojú ló ń fẹ́, ó fẹ́ kí ọwọ́ rẹ ti ṣe é tán kí orí rẹ tó rò ó. Ẹ̀rù òkun máa ń pẹ́ lára, ẹ̀rù odò máa ń dé lójijì, ó sì máa ń lọ lójijì. Ohun tó jẹ́ ọgbọ́n níhìn-ín, ìwà òmùgọ̀ ni lọ́hùn-ún. Ó yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn ju ẹnikẹ́ni lọ, torí pé mo ti fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ ní Ehín Odò.

Ọdún ń gorí ọdún. A dàgbà nínú iṣẹ́ náà pọ̀, èmi àti Bàbá. Ọkọ̀ tí wọ́n fi igi kan ṣoṣo gbẹ́ lọ, ti pákó dé. Fóònù alágbèéká dé, àwọn ará òkè odò á pè wá pé omi ń bọ̀. Kí fóònù tó dé, àwọ̀ omi àti koríko tó ń ṣàn bọ̀ ni Bàbá fi ń mọ̀. Nígbà tí èrò ò bá sí, a máa ń jókòó lábẹ́ igi odán létí èbúté, Bàbá á ní kí n sọ̀rọ̀ òkun fún wọn.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn ò ní í rí òdìkejì?"

"Ẹ ò ní í rí i, Bàbá. Ojú ọ̀run lẹ máa rí, ó máa sọ̀kalẹ̀ wá bá omi."

"Súbúhánálàhì!" Wọ́n á mi orí. "Mo ti ń rán omi lọ síbẹ̀ látọjọ́ tí mo ti dáyé, ìyàwó. Èmi fúnra mi ò tíì lọ kí i."

Wọ́n sọ ọ́ lọ́dún yẹn, wọ́n sọ ọ́ lọ́dún kejì. Ó ń dùn mí pé ọ̀gá tó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa odò, n kò ní ohun tí mo lè fi kọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ará ilé wa ránṣẹ́ pè mí pé Yèyé Ìbíwùmí ti darúgbó gan-an, pé kí n wá kí i, mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ. Inú wọn dùn bíi tọmọdé. Wọ́n fọ fìlà wọn, wọ́n gbé àjẹ̀ wọn dání. Mo ní, "Bàbá, àjẹ̀ wà níbẹ̀ o." Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò mọ àjẹ̀ ẹlòmíràn.

A gba Ṣàgámù, a gba Orè, a dé Ìgbọ́kọ̀dá, a wọ ọkọ̀ lọ sílé. Yèyé ti tẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò yí padà. Òun àti Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. Yèyé ní, "Ẹ̀yin lẹ bá mi kọ́ ọ parí?" Bàbá ní, "Ẹ ò kọ́ ọ dáadáa ni, mo tún un kọ́." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò láyé, bóyá ni mo tún ní ọ̀sán tó dùn tó ọ̀sán yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, òkun dákẹ́, oòrùn mú. Mo gbé Bàbá jáde nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan. Èmi ni mo wà ní ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹni tó ń darí máa ń jókòó. A kọjá ibi tí ìgbì ti ń ya, a bọ́ sí agbami. Bàbá gbé àjẹ̀ lé itan, wọ́n ń yí ojú kiri. Nígbà tó yá ni mo rí i pé omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n bu òkun díẹ̀, wọ́n fi kan ètè, wọ́n fi kan iwájú orí. "Àlùhámúdùlílàhì," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Nígbà tí a fẹ́ padà, wọ́n bojú wẹ̀yìn wò mí. "Ìyàwó, jẹ́ kí n gbé e wọlé. Kí n lè délé kí n sọ pé mo tukọ̀ lójú òkun."

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí mo ti ń ronú títí dòní nìyí. Ọ̀gá mi ni wọ́n. Wọ́n ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Báwo ni ẹnu mi ṣe fẹ́ là á, kó sọ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n má jókòó sídìí ọkọ̀? Mo rọra bọ́ síwájú, wọ́n bọ́ sẹ́yìn. Mo ní, "Bàbá, bí a bá dé ibi tí ìgbì ti ń ya, a máa dúró díẹ̀ kí àwọn ńlá kọjá." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo sì mọ̀ pé wọ́n gbọ́. Etí wọn gbọ́. Ọwọ́ wọn ni ò gbọ́.

A dé ẹnu ibi tí ìgbì ti ń ya. Àwọn kéékèèké ń kọjá lábẹ́ wa. Lójijì, ọ̀nà kan là gbọọrọ níwájú, omi ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Lójú odò, ihò nìyẹn, ẹ kì í jẹ́ kó dí. Kí n tó ṣẹ́jú, Bàbá ti ki àjẹ̀ bọ omi, kíá, kíá, kíá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ehín Odò. Mo bojú wẹ̀yìn, mo sì rí ọ̀kan nínú àwọn ńlá tó ń dìde lẹ́yìn orí wọn.

Yèyé ì bá ti kígbe, "Dúró!" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èmi pariwo pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná!" Kí n tó sọ ọ́ tán, ìgbì ti gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Bàbá ṣe ohun tí atukọ̀ odò rere yóò ṣe: wọ́n yí iwájú ọkọ̀ sápá kan, wọ́n ń wá àga. Kò sí àga lójú òkun. Omi gba ọkọ̀ ní ìbú, ó dà á dé lé wa lórí.

Mo yọ, mo di ara ọkọ̀ mú, bí Yèyé ṣe kọ́ mi. Ẹni tó bá di ọkọ̀ mú lójú òkun, àwọn èèyàn á rí i. Mò ń pe Bàbá, mo ní kí wọ́n wá di ọkọ̀ mú. Wọn ò wá. Bèbè ni wọ́n ń wá. Wọ́n dojú kọ ilẹ̀, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, omi tó ń padà sókun sì ń fà wọ́n sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ tó ni wọ́n ń jìnnà sí i. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìgbì kejì ti gbá ọkọ̀ òfìfo lù wọ́n léjìká. Àwọn apẹja ló sáré wá gbé wa.

A tẹ́ Bàbá sórí yanrìn. Wọ́n ń pọ omi, apá wọn ọ̀tún rọ̀ bí aṣọ tútù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó pé jọ ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹ̀rín sọ pé, "Bàbá, ṣé ẹ rò pé odò yín nìyí ni?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Yèyé, tí wọ́n fà lọ́wọ́ wá síbẹ̀, bú wọn, ó lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá ti gbọ́. Mo rí i lójú wọn. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Títí a fi padà dé Ìbafo, wọn ò bá mi sọ ju "ó ṣeun" lọ. Àjẹ̀ wọn, òkun ò dá a padà.

Ẹni tó ń to egungun ní Owódé to ejìká náà, ó sì jinná dáadáa. Kí ìgbà òjò tó dé, Bàbá ti ń fi apá yẹn la igi. Mo gbẹ́ àjẹ̀ tuntun fún wọn, mo dúró dè wọ́n ní èbúté. Wọ́n wá. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi odán, wọ́n ń wo omi. Mo ní, "Bàbá, ó yá." Wọ́n ní ó di ọ̀la. Ọ̀la yẹn pọ̀. Nígbà tó yá, wọn ò wá sí èbúté mọ́.

Èmi ni mo wá ń tu àwọn èrò láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá béèrè Bàbá, màá ní ara wọn ò yá. Iṣẹ́ náà wá ń yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn kan gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn ọkọ̀, àwọn èrò sì fẹ́ ẹni tó yá. Àwọn tó ń wa yanrìn gbé ẹ̀rọ wọn wọnú odò, wọ́n ń fa yanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé, ìsàlẹ̀ odò ń yí padà lójoojúmọ́. Ibi tí mo mọ̀ sí àga lánàá, kòtò ni lónìí. Mo nílò ẹni tí màá bi. Mo lọ sílé Bàbá, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá bá mi wo omi. Ẹ má wọ ọkọ̀. Ẹ kàn dúró ní bèbè kí ẹ máa sọ fún mi."

Ìyàwó wọn gbé omi wá, ó sì padà sínú ilé.

"Ìyàwó, dìde. O ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ní kí o mú mi lọ." Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí eékún wọn. "Lọ́jọ́ yẹn, nínú omi, mo wá bèbè, mi ò rí i. Títí dòní, bí mo bá dijú, mo ṣì ń wá a. Bí mo bá wo odò yìí báyìí, bèbè ẹ̀ jìnnà sí mi lójú. Ojú mi ló ti yí. Ojú tó ti yí ò lè fi ọ̀nà han ẹnikẹ́ni."

Mo sunkún. Wọ́n ní kí n má sunkún mọ́. Nígbà tí mo dé èbúté, mo sunkún dáadáa.

Mo ti bi ara mi nígbà púpọ̀: kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní mo kàn fi ìtàn òkun dá wọn lára yá? Wọn ì bá kú láìrí òkun. Wọn ì bá sì kú ní atukọ̀. Mi ò mọ èyí tí wọn ì bá yàn. Mi ò bi wọ́n léèrè rí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́, ẹ kọ́ ọ dójú àmì, kò sí ohun tó dára tó o. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yín bá jókòó síbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ò dé, tí ẹ̀yin sì mọ ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìtẹríba dí yín lẹ́nu. Ẹ kígbe. Wọ́n lè bínú, ìbínú á tán.

Ọmọbìnrin Bàbá, Sìkírátù, tó wà nílé ọkọ ní Ìfọ̀, bímọ ọkùnrin lẹ́yìn tó ti ń wojú Ọlọ́run tipẹ́tipẹ́. Ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí Bàbá wá fún ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, mo ti fọ ọkọ̀ ní kùtùkùtù, mo gbọ́n omi inú rẹ̀ gbẹ, mo tẹ́ ẹní síbi tí wọ́n máa jókòó. Omi fà, odò tòrò. Òdìkejì wà níbẹ̀ tí mò ń rí i, mò ń rí ewúrẹ́ tó ń jẹko. Mo dúró títí. Nígbà tí mo gòkè wá wo ohun tó dá wọn dúró, mo rí Bàbá nínú aṣọ funfun, fìlà lórí, wọ́n ti kọjú sí ọ̀nà títì márosẹ̀. Wọ́n fẹ́ lọ yí Èkó po.

Mo sáré bá wọn. Mi ò sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Mo gba àpò lọ́wọ́ wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

A wọ bọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí Èkó. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èmi wà lápá kejì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ tuntun, wọ́n ń dárúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́, ara wọn yá. Nígbà tí a sún mọ́ Kara, tí afárá tó gun orí Odò Ògùn yọ níwájú, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi bo ojú. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó, sọ fún mi bí a bá ti kọjá."

Mo wo omi tó ń lọ lábẹ́ wa. Ó ń rọra lọ sókun, kò yára rárá.

"Ó ku díẹ̀, Bàbá," ni mo wí. "Ó ku díẹ̀."